Kámẹ́rà ló kọ́ wa láti máa sá fún Bàbá Ìkìrun

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo fi ní rárá o, màá kọ ọ́ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, wà lọ́dọ̀ mi fún ọlidé, a jọ ń wo fíìmù àgbéléwò kan lálẹ́, ni bàbá kan bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó sínú yàrá tó ṣókùnkùn, aṣọ pupa lọ́rùn, ẹfun yí ojú ẹ̀ kan po. Kò tíì lanu sọ̀rọ̀ o. Kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọmọ yìí ti rá mọ́ mi lára, ó ní, "Àǹtí, èèyàn burúkú nìyẹn." Mo ní kí ló ṣe? Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Kò tíì ṣe é, ó máa ṣe é."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni ara mi wá tutù, torí èmi náà ti sọ irú ẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kì í sì í ṣe eléré ni mo sọ ọ́ sí, ẹbí mi ni.

Àbúrò bàbá tó bí dádì mi ni wọ́n, Bàbá Ìkìrun là ń pè wọ́n torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, babaláwo sì ni wọ́n. Ọdọọdún lẹ́yìn Kérésì, dádì mi á kó gbogbo wa sọ́kọ̀ láti Ìbàdàn, ó di Ìkìrun. Bàbá á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bùbá funfun, fìlà funfun, ìdè lọ́rùn ọwọ́, wọ́n á máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan ká wá jókòó lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó máa lọ. Ẹ̀yìn mọ́mì la máa ń sá sí. Wọ́n á fún wa ní àádùn, a ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á wá kó gbogbo ẹ̀ lọ sẹ́yìn ògiri lọ dà fún adìyẹ, a ó sì dúró máa wò ó bóyá adìyẹ á kú. Adìyẹ ò kú. Tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, a tún ti dà á nù.

Kò sì sẹ́nì kankan nílé wa tó sọ fún wa pé ká bẹ̀rù wọn o. Dádì mi máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn. Mọ́mì mi tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ láyé ẹ̀, òun ló máa ń se ẹ̀gúsí tí wọ́n fẹ́ràn dání láti Ìbàdàn. Nígbà tí mo wá dàgbà, tí mo jókòó rò ó pé níbo gan-an la ti kó ìbẹ̀rù yẹn, ibì kan ṣoṣo ni mo rí. Kásẹ́ẹ̀tì tá a máa ń háyà ní Mọ́kọ́lá, tí gbogbo ilé á kóra jọ wò lálẹ́ Sátidé, bí NEPA bá gbà fún wa.

Kẹ́ ẹ má bàa ní mo kàn ń sọ̀rọ̀ lásán, ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe ẹ́dítìn fídíò ìgbéyàwó. Iṣẹ́ yẹn máa ń lani lójú o. Ọjọ́ kan mo ń gé fídíò tọkọtìyàwó kan, mo dé ibi tí ìyàwó ti ń kúnlẹ̀ fún àwọn àna ẹ̀, mo wá nílò ojú kan tí màá fi tẹ̀ lé e, mo tú inú fáìlì, mo rí ibi tí ìyá ọkọ ti ń wo ọ̀kánkán, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò fajú ro, mo mú un, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì ìyàwó pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ẹ bá mi yọ mọ́mì kúrò níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń wò mí." Mo sáré padà lọ wo fáìlì yẹn. Ṣé ẹ mọ nǹkan tí mọ́mì ń wò? Ìrẹsì. Wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ sídìí tábìlì kejì, kò tíì kàn wọ́n. Ìyàwó ti kúnlẹ̀ tán tipẹ́, ó ti wọ aṣọ kejì pàápàá. Ọmọge ò tíì pé oṣù kan nílé ọkọ, èmi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́ da àárín òun àti ìyá ọkọ ẹ̀ rú.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé nǹkan yìí lórúkọ, Kuleshov effect ni wọ́n ń pè é. Ará Rọ́ṣíà kan tó ń ṣe fíìmù, tó ń jẹ́ Lev Kuleshov, ló dán an wò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó mú ojú eléré kan tó ń jẹ́ Mosjoukine, ojú kan ṣoṣo tí ò sọ nǹkan kan, ó lẹ abọ́ ọbẹ̀ mọ́ ọn, ó lẹ òkú inú pósí mọ́ ọn, ó lẹ obìnrin kan mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ròyìn ẹ̀, ńṣe ni àwọn tó wò ó ń kan sárá sí eléré yìí, pé ẹ wo bí ebi ṣe ń pa á, ẹ wo bó ṣe ń ṣọ̀fọ̀, ẹ wo bí obìnrin yẹn ṣe wọ̀ ọ́ lójú. Ojú kan náà ni o! Àwọn òǹwòran ló fi tiwọn kún un.

Ẹ wá gbé ìyẹn lọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo inú fíìmù wa. Wọ́n á fi ojú ẹ̀ hàn wá, ó tẹjú mọ́ ọpọ́n. Wọ́n á gé e, ọmọ kan ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Wọ́n á tún padà síbi ojú ẹ̀. Wọ́n á gé e, mọ́tò ti já sí kòtò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé bàbá yìí ló fi ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ó ń wá bó ṣe máa gbà á là ni, àmọ́ sísọ̀rọ̀ ò pọn dandan mọ́, gígé yẹn ti rojọ́, ó ti dájọ́, ó ti tì í mọ́lé.

Ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí náà tún ńkọ́. Tó o bá gbé kámẹ́rà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó máa wo èèyàn láti ìsàlẹ̀, onítọ̀hún á rí gàgàrà, á bò ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó o bá gbé e sókè, tó ń wò ó látòkè, á kéré, á dà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn òyìnbó ti mọ èyí tipẹ́, nígbà tí Orson Welles ń ṣe fíìmù Citizen Kane tó jáde ní 1941, ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sítúdíò kí kámẹ́rà lè ráyè wọlẹ̀ dáadáa. Tiwa wá dùn ún wò: babaláwo orí ẹní ló jókòó sí, ó yẹ kó jẹ́ pé oníbàárà tó wọlé tó dúró ló máa ga jù ú lọ, bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ Bàbá Ìkìrun nìyẹn, wọ́n á gbójú sókè kí wọ́n tó lè rí ojú rẹ. Nínú fíìmù, ẹní kan náà ni, àmọ́ kámẹ́rà ti sùn sílẹ̀ níwájú ẹ̀, oníbàárà sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tí kámẹ́rà ń wò ó látòkè. Ìyàwó gómìnà tó fi wúrà kọ́rùn wọlé á di èkúté lójú wa láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ti iná ló máa ń dùn mí jù ṣá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya fọ́tò láyé fíìmù tí wọ́n máa ń fọ̀, ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí ẹni pupa àti ẹni dúdú bá jọ dúró? Ẹni pupa á mọ́lẹ̀ kedere, ẹni dúdú á di eyín àti ojú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni dúdú. Káàdì tí Kodak, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù fọ́tò, máa ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò láti fi yẹ àwọ̀ wò, obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì yẹn, ara Shirley ni wọ́n fi ń mọ̀ pé fọ́tò dára tàbí kò dára. Ẹ wá mú bàbá arúgbó kan tó dúdú bí kóró iṣin, ẹ gbé e sínú yàrá amọ̀, ẹ ta aṣọ pupa sẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbé àtùpà kan ṣoṣo sí abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, kí lẹ rò pé ẹ máa rí? Eyín àti ojú. Gílóòbù ni ò tó, àwa rò pé èṣù ni. Ẹ tún wo páàsítọ̀ inú fíìmù kan náà: ògiri funfun, fèrèsé ṣí, súùtù funfun, iná ń tàn látòkè wá. Kó tó gbàdúrà lo ti ṣe àmín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe é yà nínú òkùnkùn o. Ẹ lọ wo fíìmù Selma tó jáde ní 2014, tí David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Oxford, ti ṣe Martin Luther King. Bradford Young ló gbé kámẹ́rà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé iná fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, síbẹ̀ o máa rí ìrònú lójú ọkùnrin yẹn, o máa rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó o rí èèyàn, á wá ọ̀nà tó o fi máa rí i.

Ohùn, mi ò ní fàkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Ẹ̀rín inú kànga yẹn, gbohùngbohùn yẹn, bọ́tìnnì kan ni lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi dán ohùn ọkọ mi wò nígbà tó ń bi mí pé kí la máa jẹ lálẹ́, ẹ̀rù bà mí fúnra mi.

Kì í sì í ṣe pé bó ṣe wà látilẹ̀ nìyí o, ìyẹn ló yẹ kó yà wá lẹ́nu. Dádì mi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Hubert Ogunde, àgbà òṣèré tó ni ẹgbẹ́ eré tiẹ̀. Nígbà tí Ogunde gbé Aiyé jáde ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 sí 1980, tó tún fi Jáyésinmi tẹ̀ lé e, ipò wo ló fún ara ẹ̀? Ọ̀ṣẹ́túrá, awo tó ń bá àwọn àjẹ́ fà á kí ìlú lè fara balẹ̀. Ẹ rò ó wò, ọ̀gá pátápátá tó ni ẹgbẹ́, tó lè pe ara ẹ̀ lọ́ba tó bá wù ú, awo ló ní òun máa ṣe. Dádì mi ní tí Ọ̀ṣẹ́túrá bá ti yọ, pàtẹ́wọ́ ni sinimá máa fi ń dáhùn. (Àwọn ìyá àgbàlagbà ló jẹ̀yà nínú fíìmù wọ̀nyẹn o, ọ̀rọ̀ tiwọn tó kọ lọ́tọ̀, mi ò gbàgbé yín ẹ̀yin ìyá.)

Kí ló wá dé láàárín ìgbà yẹn sí ìgbà kásẹ́ẹ̀tì Mọ́kọ́lá? Àwọn kan á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, òótọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ra kásẹ́ẹ̀tì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, oníṣòwò sì máa ń ta nǹkan tó máa tà. Àmọ́ lójú tèmi, ìkánjú dá sí i gan-an. Tó bá jẹ́ owó díẹ̀ lo ní, tó o fẹ́ ya fíìmù tán kí owó tó tán, o ò ráyè máa kọ́ òǹwòran pé ta ni ẹni yìí, àmì lo máa fi kàn án lára. Agbárí, aṣọ pupa, owó ẹyọ, ó tán, gbogbo ayé ti mọ̀. Kò kàn wọ́n pé funfun ni babaláwo fẹ́ràn àti wọ̀, pé pupa yẹn, tàwọn oníṣàngó ni. Ifá tó ní odù 256, tí ẹsẹ tó wà nínú odù kan ṣoṣo èèyàn lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, Ifá tí UNESCO kéde ní 2005 pé ó wà lára ohun iyebíye tí aráyé jogún, tó bá dénú fíìmù á di "Ifá ní kó o lọ mú orí èèyàn wá." Bàbá Ìkìrun gbọ́ irú ẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n rí, wọ́n ní, "Odù wo nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Àwọn tó fara balẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá. Nínú Ṣaworoidẹ tí Tunde Kelani ṣe ní 1999, Amáwomárò, tí Peter Fatomilola ṣe, babaláwo ni, òun ló mọ àṣírí tó so ìlú ró, ẹ wo bí kámẹ́rà ṣe ń wò ó, ojú kojú, ojúmọ́mọ, bó o ṣe máa wo àgbà tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ọba ni fíìmù yẹn ní ká fura sí.

Nǹkan kan tún wà tó ju kámẹ́rà àti iná lọ, mi ò tètè rí i. Nínú gbogbo fíìmù tẹ́ ẹ ti wò láyé yín, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti rí babaláwo tó ń jẹun? Tí ìyàwó ẹ̀ ń bá a jà lórí owó ọbẹ̀? Tí ọmọ ẹ̀ jókòó ṣe JAMB? Tí ẹ̀yìn ń dùn ún? Kámẹ́rà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ àfi kí oníbàárà mú un dé ibẹ̀, tí oníbàárà bá sì ti jáde, kámẹ́rà á tẹ̀ lé e jáde. Ẹ wo ọmọkùnrin tó wá ṣe òògùn owó yẹn. A mọ̀ pé láńlọ́ọ̀dù ti lé e síta, a mọ̀ pé ọmọge ẹ̀ ti já a sílẹ̀ fún olówó, a ti bá a dé ọsibítù tí ìyá ẹ̀ wà, a ti rí i tó ń sunkún ní òun nìkan. Ó wá pààyàn o! Síbẹ̀ a ṣì ń wá àwáwí fún un, a ní ìyà ló jẹ ẹ́. Babaláwo tó jókòó sórí ẹní látàárọ̀, kò sẹ́ni tó fún wa ní ohunkóhun tá a lè fi bá a ṣàwáwí, la bá ní ìkà lásán ló ń ṣe é.

Ẹ lè ní fíìmù lásán ni, ta ló ń pa? Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1915. D. W. Griffith ṣe fíìmù kan, The Birth of a Nation, ó mú àwọn òyìnbó, ó fi dúdú kun ojú wọn kí wọ́n ṣe aláwọ̀ dúdú, ó sọ wọ́n di ẹhànnà tó ń lé obìnrin kiri. Ó wá ń gé e ní ọ̀tún gé e ní òsì: ibí ni wọ́n ti há àwọn òyìnbó mọ́lé, ọ̀hún ni àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, ti ń gun ẹṣin bọ̀, ibí, ọ̀hún, ibí, ọ̀hún, ó ń yára sí i, ọkàn rẹ á máa sáré, kó o tó mọ̀ o ti ń gbàdúrà pé kí ẹlẹ́ṣin tètè dé. Ta ló wà lórí ẹṣin? Apààyàn. Wọ́n gbé fíìmù yẹn dé ilé ààrẹ wọn, NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, pariwo títí, àmọ́ kí ọdún yẹn tó parí, àwọn kan ti lọ sórí òkè kan ní Georgia, wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ Klan tó ti kú dìde. Ọwọ́ Griffith dáa lórí iṣẹ́ gígé yẹn o, ìdí nìyẹn tó fi burú tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ nǹkan tí àwọn kan máa sọ, torí ọkọ mi ti sọ ọ́: ṣé kò sí àwọn tó ń ṣe òògùn owó ní òótọ́ ni? Wọ́n wà. À ń rí wọn nínú ìròyìn, ìdílé tí wọ́n sì pa ọmọ wọn ò nílò kí n wá máa fi kámẹ́rà ṣàlàyé fún wọn. Àmọ́ páàsítọ̀ burúkú náà wà, dókítà burúkú wà, nínú fíìmù wa náà wọ́n wà, ẹ sì wò ó: tí páàsítọ̀ bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, a máa ń dúró wò ó bóyá èyí dáa ni tàbí kò dáa. Babaláwo, a kì í dúró. Ní 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kéde òfin pé kí wọ́n má fi òògùn owó ṣe fáàrí nínú fíìmù mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin wo ló máa sọ ibi tí wọ́n máa gbé àtùpà sí?

Sátidé tó kọjá, mo gbé ọmọ náà, ó di Ìkìrun. Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, wọn ò ríran dáadáa mọ́. Mo gbé fóònù mi sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń wọlé, mo rí i pé ó bá ojú wọn dọ́gba, mo ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kí ni? Ni wọ́n bá ń sọ ti rédíò wọn tí bátìrì ẹ̀ ò lè lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ mọ́, pé ọmọ tó ń tà á ní ìsọ̀ àdúgbò olè ni, pé bátìrì ayé Awólọ́wọ̀ kọ́ nìyí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Mo fi sórí WhatsApp ẹbí. Àǹtí mi tó wà ní London ló kọ́kọ́ fèsì, ó ní ta ló jẹ́ kí Bàbá wọ súwẹ́tà tó ti ya ní ìgbúnwọ́, ọ̀rọ̀ súwẹ́tà ni wọ́n sì sọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bàbá fún ọmọ náà ní àádùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá rọra bọ́ sẹ́yìn mi, ó ní, "Àǹtí, adìyẹ dà níbí?"

Ọmọ bàbá ẹ̀.